Ta ló ní ọkàn abiyamọ kì í sí níbi iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá máa ń sọ bíi pé òfin ni: pé obìnrin tó bá ti bímọ kò lè fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì mọ́. Wọ́n á ní ara rẹ̀ nìkan ló jókòó síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti wà nílé. Irọ́ ni, ó sì ń ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá, torí òun làwọn ọ̀gá kan ń gbé yẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé èèyàn ga lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn míì tiẹ̀ ń pè é ní àṣà wa. Àṣà wo? Ṣé ti àwọn aláró Abẹ́òkúta tó ń tọ́mọ, tó sì ń ṣe àdìrẹ?

Lọ́dún 1990, William Kahn, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ fi ọkàn sí iṣẹ́. Ohun mẹ́ta ló kà sílẹ̀: kí iṣẹ́ náà ní láárí lójú ẹni tó ń ṣe é, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun lè sọ tinú òun láìjìyà, kí agbára sì ṣẹ́kù lára rẹ̀. Kò sí akọ, kò sí abo níbẹ̀.

Ẹ wá wo tọkọtaya tó ń gbé Màràràbá lẹ́bàá Àbújá, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀. Ìyàwó ti dáná, ó ti wẹ̀ fọ́mọ, ó ti di oúnjẹ wọn, kí ọkọ tó wá bàtà rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kan náà ní Nyanya, lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ló ń dúró de àwọn méjèèjì. Tí ọkọ bá yán ní agogo mẹ́wàá, wọ́n á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Tí ìyàwó bá yán, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́.

Nínú ìpàdé ńkọ́? Obìnrin ni wọ́n máa ní kó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, òun náà ni kó pín omi àti mítípáì. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè ju ti gbogbo wọn lọ. Tó bá dá àbá, wọn ò ní kà á sí, àfi tí ọkùnrin kan bá tún un sọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwà tí wọ́n ń hù sí i ló pa á lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ọmọ tó bí.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin náà ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Owó ilé Kubwa àti owó iléèwé ló so wọ́n mọ́lẹ̀, torí wọ́n ti kọ́ wọn pé ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà. Wọ́n á pẹ́ ní ọ́fíìsì títí di alẹ́, wọ́n á sì máa yìn wọ́n fún un.

Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde ìsinmi ọjọ́ 14 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ sì fi gbé ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ yín dá yín dúró.