Èrò ọkàn mi: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní fítámì mọ́

Lánàá, ẹnìkan tún fi àwòrán ike fítámì ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lo èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo dúdú-dúdú ara yín yẹn á di ìtàn." Mi ò tíì fèsì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le, torí èèyàn ò lè bú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí kó lè kúrò nínú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé ọdún kẹrin rèé tí èmi àti ITP, àìsàn tó ń jẹ́ kí platelet inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ti jọ ń gbé. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: inú ẹ̀jẹ̀ wa ni platelet wà, òun ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ dí ojú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín tí wọ́n ń pè ní microlitre, ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní tó 150,000 sí 450,000. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ka tèmi, 11,000 ni wọ́n bá. Mo bi ẹni tó fún mi ní ìwé èsì ní lábù bóyá òdo kan ló já bọ́. Ó ní rárá o, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe pé ara mi ò ṣe platelet jáde. Ara mi ń ṣe é, ara mi náà ló tún ń pa á. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló dójú lé e, wọ́n ń lẹ àmì mọ́ ọn lára, bó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ spleen, ẹ̀yà ara kan lábẹ́ ìhà òsì tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, bí mo bá fi itan kan etí tábìlì lásán, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibẹ̀ á ti pa aró, á fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á dà bí àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà á pọ́n rúsúrúsú. Ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ fà mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń wo apá mi, ó wá rọra béèrè pé, "Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan nílé?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi tí mo sọ fún kò rẹ́rìn-ín o. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kí n wọ aṣọ alápá kúkúrú bá òun jáde.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé orí fítámì.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó ike márùn-ún wá bá mi. Fítámì C, fítámì E, fítámì K, òróró ẹja inú hóró rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń dán, àti ọ̀kan báyìí tó ní òun kó gbogbo nǹkan pọ̀ sójú kan. Ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ìgbà tí wọ́n ń to ọmọ ilé ìwé. Ó ní, "Lò ó níṣojú mi." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mà ti ní oògùn tí dókítà kọ." Ó ní, "Fítámì ni èyí, kì í ṣe oògùn." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Eltrombopag ni mò ń lò nígbà náà, oògùn tó máa ń sọ fún mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe platelet sí i. Ó ti gbé mi dé 64,000, mo ti ń yangàn. Mo wá ń lo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: láàárọ̀ kùtù, eltrombopag àti hóró márààrún, omi ife kan, mo dà á mì. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀, mo rí àwọn tótòtó pupa ní ojúgun mi, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un ní ọgọ́rùn-ún ibi. Mo gbé ife dígí, mo tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ara ló kàn yún, á parẹ́ lábẹ́ dígí. Kò parẹ́. Nígbà tí mo fọ eyín lálẹ́, itọ́ mi pọ́n. Èsì lábù: 19,000.

Dókítà béèrè pé, "Ṣé ẹ ń lo nǹkan mìíràn?" Mo ní rárá.
"Oògùn ara ríro ńkọ́? Aspirin? Ibuprofen?" Mo ní rárá, mo mọ̀ pé aspirin máa ń sọ platelet di aláìníṣẹ́ títí tó fi máa kú.
Ó ní, "Fítámì ńkọ́?"
Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn wà."
Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò purọ́ fún un o. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ pé mi ò lo nǹkan kan. Lọ́kàn mi, fítámì ò sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní "lílo nǹkan." Ó ní kí n kó àwọn ike náà wá. Ó yí wọn síwá sẹ́yìn, kò tiẹ̀ wo iwájú tó ní àwòrán, ẹ̀yìn tí wọ́n kọ lẹ́tà kékeré sí ló ń kà. Èyí tó kó gbogbo nǹkan pọ̀ yẹn ní calcium, iron, zinc àti magnesium nínú. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń di eltrombopag mú nínú ikùn, tí kò ní ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó kéré tán, kí n lo oògùn náà ní wákàtí 2 ṣáájú wọn tàbí wákàtí 4 lẹ́yìn wọn. Oògùn olówó iyebíye yẹn, bí mo ṣe ń gbé e mì náà ni mò ń sọ ọ́ nù. Fítámì E tó bá pọ̀ àti òróró ẹja lè mú kí platelet má já fáfá mọ́. Ìwọ̀nba platelet tó kù sí mi lára! Ẹ wò ó bí ibi iṣẹ́ tó yẹ kí èèyàn mẹ́wàá wà, ẹnìkan ṣoṣo ló wá, a tún wá fún onítọ̀hún ní oògùn oorun.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: "Ṣebí fítámì C ló ń wo ara tó ń dúdú àti èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, fún àwọn awakọ̀ òkun tí dókítà James Lind fún ní ọsàn lọ́dún 1747. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tiwọn ló di ẹlẹgẹ́ torí wọn ò ní fítámì C lára. Àwọ̀ tó hàn lára èmi àti wọn lè jọra, ohun tó fà á ò jọra rárá. Fítámì K náà, àwọn èròjà mìíràn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ló ń bá ṣiṣẹ́, kì í bí platelet. Èyí tó tiẹ̀ là mí lójú jù ni ti dókítà William Harrington ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1950, ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ITP sára ara rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, platelet tirẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gìrì mú un. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá! Ṣé fítámì ló ṣàdédé tán lára rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ ni?

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mo kó àwọn ike náà sínú àpò, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá gbé wọn.

Àmọ́ o, dókítà kan náà, nígbà tó fi prednisolone, oògùn tó máa ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara yẹn, kún oògùn mi, ló tún kọ calcium àti fítámì D fún mi, ó ní prednisolone máa ń jẹ eegun. Ó kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Lórí bẹ́ǹṣì tá a ti ń dúró kí wọ́n pè wá, mo bá màmá kan pàdé tí platelet tiwọn náà wálẹ̀. Fítámì B12 ló tán lára wọn. Wọ́n gba abẹ́rẹ́, ó sì gòkè padà. Wọ́n na apá wọn sí mi, apá tó mọ́ tónítóní, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fítámì ni o." Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

88,000 ni mo wà lóṣù tó kọjá. Bóyá prednisolone ni, bóyá wákàtí tí mò ń ṣọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì wá gbé àpò náà, èmi náà ò sì rán wọn létí. Àwòrán tí ẹni yẹn fi ránṣẹ́ lánàá ṣì wà lórí fóònù mi. Mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti òwúrọ̀, mò ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, bóyá mo lè ka lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà.