Ẹjọ́ Dínà tí a ń dá sódì

Bí wọ́n bá ti ń wàásù lórí Jẹ́nẹ́sísì orí 34, Dínà, ọmọbìnrin Jákọ́bù, ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. "Kí ló lọ wá níta?" Wọ́n á kọjú sí àwọn ọmọge inú ìjọ, wọ́n á ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sílé bàbá wọn. Ó ń dùn mí wọnú eegun. Ẹsẹ kìíní sọ ohun tó bá jáde: ó lọ wo àwọn ọmọbìnrin ìlú náà. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ṣékémù ọmọ Hámórì, ọmọ olórí ìlú, ló rí i, tó gbá a mú, tó fipá bá a lò pọ̀.

Jákọ́bù gbọ́, ó dákẹ́, ó ní ó di ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin òun bá ti ìdí ẹran dé. Bàbá ni o! Hámórì wá tọrọ ìyàwó fọ́mọ rẹ̀, ó ní kí àwọn jọ máa fẹ́ra, kí àwọn jọ máa ṣòwò. Ṣékémù ní iye yòówù tí wọ́n bá pè lówó orí, òun á san án. Nínú gbogbo àlàyé gígùn yẹn, kò sẹ́ni tó ní ẹ má bínú. Ilé Ṣékémù gan-an ni Dínà sì wà bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà lé e lórí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde ní ẹsẹ 26. Gbogbo ìpàdé mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ti ń sọ pé "ẹ má jẹ́ ó di ariwo, ẹ jẹ́ ó kúkú fẹ́ ẹ", ìpàdé Hámórì ni.

Àwọn ọmọ Jákọ́bù fi ẹ̀tàn dáhùn pé kí gbogbo ọkùnrin ìlú kọlà kí àwọn tó lè fi Dínà fún un. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ọgbẹ́ ṣì ń ro wọ́n, Síméónì àti Léfì, ọmọ ìyá Dínà, yọ idà ti gbogbo ọkùnrin ìlú, wọ́n pa wọ́n tán. Àwọn yòókù dé, wọ́n kó àgùntàn, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n kó àwọn ìyàwó àtàwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́rú.

Àwọn kan ń pè wọ́n lákọni. Èmi ò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́, ikú ara rẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ikú aládùúgbò. Wọ́n ní ẹnì kan fipá mú àbúrò àwọn, àwọn náà wá fipá mú ìyàwó àti ọmọ odidi ìlú. Kí ni ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú ọ̀rọ̀ iyì ìdílé?

Nígbà tí Jákọ́bù máa la ẹnu, ó ní wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kénáánì, àwọn èèyàn òun kéré, wọ́n lè pa òun run. Kò dárúkọ Dínà. Wọ́n bi í pé ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣe arábìnrin àwọn bí aṣẹ́wó. Orí náà parí síbẹ̀, bàbá ò fèsì. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó bi í, síbẹ̀ ìbéèrè náà tọ̀nà.

Ní orí 49, lórí ibùsùn ikú rẹ̀, Jákọ́bù fi ìbínú Síméónì àti Léfì bú, ó ní òun á tú wọn ká. Ẹ̀yà Léfì ò ní ìpín ilẹ̀ tirẹ̀, àfi ìlú 48 káàkiri. Ìlú Ṣékémù, ìlú tí wọ́n ti pààyàn yẹn gan-an, wà lára ìlú wọ̀nyẹn, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú ààbò 6 inú Jóṣúà orí 20. Ẹni tó bá ṣèèṣì pààyàn, tí agbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ ń lé, á sá dé ẹnubodè, á ro ẹjọ́ rẹ̀ fáwọn àgbààgbà, wọ́n á sì gbà á wọlé. Ìlú tí Léfì ti pa aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ láìgbẹ́jọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wá ń gbé ibẹ̀, níbi tí wọn ò ti gbọ́dọ̀ fa ẹnikẹ́ni lé agbẹ̀san lọ́wọ́ láìgbẹ́jọ́. Irú ìdájọ́ yẹn ló tọ́ sí Dínà látìgbà tí Ṣékémù ti fọwọ́ kàn án: kí wọ́n pè é jókòó, kó sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ án nìkan sì jìyà rẹ̀.