Ìfìyàjẹ nílé ìwé kì í ṣe ìjà ọmọdé méjì

Ọmọ kan sọ fún tíṣà pé lágbájá ń gba oúnjẹ òun, ó ń gbá òun létí, ó sì ń pe òun ní orúkọ burúkú lójoojúmọ́. Kí la máa ń ṣe? A ó pe àwọn méjèèjì síwájú. A ó gbọ́ tẹnu èyí, a ó gbọ́ tẹnu ìyẹn, nítorí a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A ó bá àwọn méjèèjì wí, a ó ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Ìlànà yìí dára fún ìjà. Ṣùgbọ́n ìfìyàjẹ, ìyẹn kí ọmọ kan máa ni ọmọ mìíràn lára, kì í ṣe ìjà, ibẹ̀ sì ni ojú tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn àwùjọ, àwọn tí a ń pè ní wẹ́fíà, fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí tiwa.

Bí ọmọ méjì tí agbára wọn tó ara wọn bá ń du bọ́ọ̀lù, ìjà nìyẹn. Wọ́n lè jà lónìí, kí wọ́n jọ máa jẹun lọ́la. Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ ní Bergen ní orílẹ̀-èdè Norway, fi ohun mẹ́ta dá ìfìyàjẹ mọ̀: ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó ń ṣe é léraléra, agbára àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba. Ẹ̀kẹta yìí ló gba àròjinlẹ̀ jù. Agbára kì í ṣe ti apá nìkan. Ọjọ́ orí ni, kíláàsì ni, owó tó wà lọ́wọ́ bàbá ẹni ni, iye ọ̀rẹ́ tó máa báni rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ JSS1 tí síníọ̀ ń jí lóru kó lọ pọnmi, tí wọ́n ń gba gàrí àti mílíìkì rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀bi wo la fẹ́ pín fún un?

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ìparí ìjà yẹn. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ rojọ́ lójú ẹni tó ń bà á lẹ́rù. Ẹni yẹn kàn wò ó lójú báyìí, ó ti yí ohùn padà: “A kàn ń ṣeré ni.” Inú àwa àgbà dùn. Nígbà tí iná bá kú ní họ́sítẹ́lì lálẹ́ ni yóò wá jẹ ìyà ẹjọ́ tó lọ rò. Láti ọjọ́ náà, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, àwa yóò sì máa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó mọṣẹ́ fi máa ń gbọ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò tako àwọn àgbà: ẹjọ́ méjèèjì náà ló ń gbọ́, kò kàn kó wọn pọ̀ síbì kan ni. Ó máa ń bèèrè ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, ọ̀nà ilé ni, àbí orí WhatsApp. Ó sì máa ń padà wá bèèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọmọ méjì péré ló wà níbẹ̀. Hawkins, Pepler àti Craig, àwọn olùwádìí ní Kánádà, ṣọ́ àwọn ọmọ ní pápá ìṣeré ilé ìwé, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2001. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ìfìyàjẹ 100, àwọn ọmọ mìíràn ń wòran nínú 88. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dá sí i, ó lé ní ìdajì ìgbà tí ìyà náà dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran ló ń fún aninilára lágbára. Lórí èyí ni KiVa, ètò ìdènà ìfìyàjẹ ti Yunifásítì Turku ní Finland, dúró: gbogbo kíláàsì ni wọ́n ń kọ́, wọ́n sì máa ń bẹ àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ fẹ́ràn pé kí wọ́n dúró ti ẹni tí ìyà ń jẹ.

Ẹni tó ń fìyà jẹni náà nílò àgbà. Àwọn síníọ̀ kan wà tó jẹ irú ìyà yìí ní JSS1, tí wọ́n wá ń gbẹ̀san lára ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Bí ilé ìwé bá pè yín pé àwọn ti parí ìjà náà, ẹ bèèrè: ta ló gbọ́ ti ọmọ mi lóun nìkan? Àwọn ọmọ wo ló ń wòran, kí lẹ sì bá wọn sọ? Ta ni yóò máa yọjú sí i lálẹ́, títí di ìgbà wo? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.