Wọ́n Ti Ṣe POP Sínú Bọ́ọ̀sì

POP ni mo rí. Kì í ṣe ní pálọ̀ o, inú mọ́tò ni. Àwọn mọ́tò tí wọ́n sọ di ilé alágbèéká, tí ẹ̀yin ti ń rí ládùúgbò yín, ò tíì dé ibi tí èyí dé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì Sprinter funfun kan ni, ó dúró síwájú géètì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kejì Iléyá, tí Ojúde Ọba ku ọ̀la. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí ayé lè rí inú. Mo gbójú sókè, mo rí POP onípele mẹ́ta, bíi kéèkì ìgbéyàwó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíká. Òdòdó POP wà láàárín gbùngbùn, ṣàǹdẹlíà sì so rọ̀ láti inú òdòdó náà.

Ṣàǹdẹlíà. Nínú bọ́ọ̀sì.

Ìyìn tọ́ sí wọn, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń ṣe Sprinter ò gbọ́n tó báyìí. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ mọ́tò di ilé, páláìwúùdù fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ sí àjà rẹ̀, èyí tí kò nípọn ju mílímítà 4 sí 6 lọ, wọ́n á fi síkúrù dè é mọ́ egungun òrùlé, ó parí. Ojú ò là wọ́n ni. Ta ló ti sọ fún wọn pé èèyàn lè kúrò nílé láìgbé àjà pálọ̀ dání? Ní Ìjẹ̀bú tiwa, a kì í fi owó ṣeré, fàájì la máa ń fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò POP yìí díẹ̀, ojú mi ò tíì kúrò lára rẹ̀. POP tó nípọn tó sẹ̀ntímítà kan máa ń wọn kìlò 10 ó lé, bí ẹ bá gé e ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Kí wọ́n tẹ́ irú rẹ̀ márùn-ún péré sí àjà mọ́tò, kìlò 50 dé. Àpò sìmẹ́ǹtì kan gbáko nìyẹn, tí wọ́n fi wáyà so kọ́ sókè orí ẹni tó ń sùn. Mi ò tíì ka igi tí wọ́n fi gbá a mú. Mi ò ka ṣàǹdẹlíà. Ẹrù òkè kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ẹrù ilẹ̀ nínú mọ́tò: bí dẹ́rẹ́bà bá yí kọ́nà, ẹrù òkè ló ń fa ọkọ̀ wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

A ò tíì sọ ti gíga. Sprinter onírùlé gíga, inú rẹ̀ ò ju bíi mítà 1.9 lọ láti ilẹ̀ dé òkè. Ìpele mẹ́ta POP jẹ ínṣì mẹ́rin níbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi pákó gbé sókè jẹ ínṣì kan. Ó ku bíi 1.77. Ọkùnrin tó ga níwọ̀nba, tó tún dé fìlà Ojúde Ọba, fìlà ọ̀hún ni yóò máa fi gbá àjà kiri. Bó bá jáde síta, funfun orí fìlà rẹ̀ á jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ rẹgbẹ́rẹgbẹ́ mọ̀ pé ọ̀gá ti inú ilé alágbèéká bọ̀.

Ohun tó sì burú jù níbẹ̀ rèé: ilé kì í rìn, mọ́tò ló ń rìn. Bí táyà ọ̀tún bá já sí kòtò tí tòsì wà lókè, gbogbo ara ọkọ̀ á lọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Irin lè lọ́ kó tún padà sí bó ṣe wà. Páláìwúùdù náà á gbà fún un. POP ò mọ irú eré bẹ́ẹ̀, lílà ló mọ̀. Igun ni yóò ti kọ́kọ́ là, níbi tí wáyà ti dì í mú. Lẹ́yìn náà ni yóò máa da ìyẹ̀fun. Ẹ gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde, kẹ́ ẹ tó dé Ṣágámù ìrọ̀rí ti funfun. Ẹ kọrí sí ọ̀nà Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tó dé Ìpẹru òdòdó àárín ti ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Tí wọ́n bá sì tan AC, òtútù á pàdé ooru lẹ́yìn POP, omi á wá máa sẹ̀ níbẹ̀, POP á mu ún bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Inú páànù òrùlé á máa dípẹtà, ẹnikẹ́ni ò ní rí i, torí POP ti bò ó. Fóòmù dídì tí kì í mu omi, tó nípọn tó mílímítà 20 sí 25, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páànù kí wọ́n tó bo àjà. Ohun tí wọ́n há síbẹ̀ nínú tiwa ni fóòmù ìjókòó, tó ń mu omi ju ràkúnmí lọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mọ́tò wo lẹ wò kẹ́ ẹ tó so ṣàǹdẹlíà?

Káfíńtà ń bẹ nígbà kan rí. Bọ̀lẹ̀kájà tó ń kó ẹrù àti èèyàn láti Ìjẹ̀bú lọ Ìbàdàn, igi ni gbogbo ara rẹ̀, àwọn káfíńtà ilé wa ló kàn án lé orí irin tó ti òkèèrè wá. Bóòtù àti nọ́ọ̀tù ni wọ́n fi dè é, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà yóò mì ín. Ó ń ké kíríkírí láàárọ̀, ó ń ké kíríkírí lálẹ́, kò tú. Káfíńtà òde òní, ìṣó àti gọ́ọ̀mù ni tiẹ̀. Á kan wọ́dúróòbù fún èèyàn, ilẹ̀kùn á bọ́ kí ó tó gba báláńsì owó rẹ̀, á sì ní igi ni kò gbẹ. Òun náà lẹ lọ pè wá sínú mọ́tò!

Ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹrù inú Sprinter yìí sórí ìwọ̀n. Kìlò 3,500 ni àṣẹ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfìfo ọkọ̀ gígùn náà tó bíi 2,200, ó ku 1,300. POP àti igi rẹ̀, ẹ pè é ní 80. Táìlì ilẹ̀ (bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lẹ táìlì) pẹ̀lú gọ́ọ̀mù rẹ̀, 100. Òkúta gíráńáìtì orí ibi ìdáná, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó péré, 80. Omi lítà 200, kìlò 200 náà ni. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn, 45. Bátìrì olómi ńlá méjì, 120. AC, 40. Bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù onípákó nínípọn, 250. Èèyàn márùn-ún tó ti jẹ Iléyá yó, 400. Ó di 1,315, a ò sì tíì gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ wọlé. Lábẹ́ gbogbo ẹrù yìí, táyà tokunbọ ló wà. Ẹ tẹ̀ ba kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà. Bó bá jẹ́ 1214, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2014 ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Mo yà sọ́dọ̀ iná wọn, ibẹ̀ tún dùn. Pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì dùbúlẹ̀ sórí òrùlé, 300 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún régé. AC tí wọ́n fẹ́ kó gbé, ti họ́ọ̀sì kan, ń mu bíi wáàtì 900. Lórí bátìrì 12V, ìyẹn jẹ́ amp 75, ínfátà náà á gba owó orí tirẹ̀, ó di bíi 85. Bátìrì olómi 200Ah (ìyẹn amp 200 fún wákàtí kan), ìdajì rẹ̀ lèèyàn ń lò bí kò bá fẹ́ kó kú kọ́dún tó yí po. Ó yá, bátìrì méjì: kò lè ju wákàtí méjì lọ. Oòrùn ọ̀la tó dára, bí Iléyá ò bá bọ́ sásìkò òjò bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu ọdún mẹ́ta yìí, á dá ohun tí AC lò láàárín wákàtí méjì yẹn padà, AC á sì fi ìyókù ọjọ́ sinmi. Fáànù òrùlé tó ń lo 12V ń mu amp mẹ́ta péré nígbà tó bá ń yí fòò; ìdajì bátìrì kan ṣoṣo, ìyẹn 100Ah, á gbé e ju ọgbọ̀n wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi fáànù ya fọ́tò?

Rẹwáyà tó ṣe iṣẹ́ náà, wáyà 4mm tí wọ́n fi ń fa iná AC nílé ló fi so bátìrì mọ́ ínfátà 2,000 wáàtì. Bí ínfátà yìí bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀, èyí tó ń wá láti bátìrì ju amp 160 lọ. Wáyà yẹn ò lè gbé ju nǹkan bí 30 lọ láìgbóná. Wáyà 70mm ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó kúrú, kí fíùsì sì wà lẹ́nu bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́nu ínfátà lọ́hùn-ún. Kò fi fíùsì kankan sí i. Ó ní ọwọ́ òun ni fíùsì, bóun bá ti gbóòórùn jíjó òun á já a.

Nígbà tí sólà ò tó, jẹnẹrétọ̀ dé. I-pass-my-neighbour tí kò tó wáàtì 700 ò lè jí AC họ́ọ̀sì kan, torí AC máa ń béèrè ìlọ́po mẹ́ta nígbà tó bá fẹ́ gbéra, nítorí náà ti ńlá ni wọ́n de mọ́ báńpà ẹ̀yìn. Ihò èéfín rẹ̀ kọjú sí abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Orí bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Ibí yìí ni ẹ̀fẹ̀ tán sí mi lẹ́nu. Ṣé ẹ̀yin èèyàn yìí ya wèrè ni? Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn (carbon monoxide) ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í jí èèyàn kó tó pa á. Lọ́dọọdún la ń gbọ́ nípa ìdílé tó sùn ti jẹnẹrétọ̀ tí wọn ò jí. Àwọn yẹn sùn nínú ilé tó ní fèrèsé. Ẹ̀yin fẹ́ sùn nínú páànù tí rọ́bà yí ilẹ̀kùn rẹ̀ po! Sìlíńdà gáàsì tún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan náà. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń lu ihò sí ilẹ̀ àpótí sìlíńdà kó lè rí ibi gbà jáde. Ẹ̀yin lẹ táìlì dí gbogbo ilẹ̀ pa. Ẹ rówó ra òdòdó POP, ẹ ò rówó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí olóró inú èéfín bá wọlé.

Ẹ má bínú. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í jẹ́ kó sùn ló ń sọ̀rọ̀.

Ṣáláńgá wọn ni n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: WC tánganran, irú ti ilé, tó ń mu omi lítà 9 lẹ́ẹ̀kan. Lítà 100 nínú 200 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló máa ṣàn, ó tán. Ibo ló ń ṣàn lọ? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn lójú títì. Oníkẹ́ẹ̀gì tó ń gba bíi lítà 20, tí wọ́n ń yọ tí wọ́n ń lọ dà sí ṣáláńgá gidi, wà lọ́jà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò bá POP mu.

Bẹ́ẹ̀ Ògèrè wà ní Rẹ́mọ níbí, lójú títì Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà ti ń gbé inú mọ́tò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀. Igi dí táyà, kẹ́ẹ̀gì omi kan, sítóòfù kan, kẹ́tù kan, ẹní lábẹ́ tírélà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gba ìhà méjèèjì. Wọ́n ń lọ Kánò, wọ́n ń bọ̀. Sprinter tiwa ńkọ́? Òkè-Èrì tó wà nítòsí, níbi ojúbọ Bílíkísù Súngbọ́, wọn ò gbé e débẹ̀ rí. Igbó J4 tí erin ṣì ń gbé, wọn ò mọ ọ̀nà rẹ̀. Àjò kì í dùn kónílé má relé, òótọ́ ni. Àwọn wọ̀nyí rò ó síwájú, wọn ò kúrò nílé rárá.

Kò tilẹ̀ lè wọ ọgbà. Sólà àti AC orí òrùlé ti mú un ga ju irin òkè géètì lọ, ìdí nìyẹn tó fi wà níta. Ọ̀gá ń sùn nínú ilé, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lábẹ́ POP tí kò rìn. Ó wá gba ọlọ́dẹ kan kó máa sùn nínú mọ́tò kí olè má bàa tú bátìrì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn Sprinter pa, iná búlúù ń tàn nínú. Ọlọ́dẹ ní inú rẹ̀ móoru, ohun funfun kan sì ń já bọ́ sí òun lójú. Ó ti tẹ́ ẹní sábẹ́ mọ́tò, ó fi bàtà ṣe ìrọ̀rí.