Èsì fún oníbàárà wa n'Íbàdàn tó ní bíà kì í hó nínú gíláàsì wa

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ kú ìnáwó. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa, mo sì wo àwòrán mẹ́ta tí ẹ fi sí i dáadáa. Kí àwọn mìíràn tó ń kà á lè mọ ohun tí à ń sọ: oníbàárà wa yìí ra gíláàsì bíà ńlá tí à ń pè ní páìǹtì, méjìlá, àti gíláàsì mẹ́fà tó ní ẹsẹ̀ kan tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, fún ilé ọtí wọn n'Íbàdàn. Ìràwọ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Wọ́n ní bíà kì í hó nínú rẹ̀, àwọn tó ń mutí lọ́dọ̀ wọn wá ń sọ pé bíà tó ti kú ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní méjì ti sán fúnra wọn, pé nǹkan funfun kan sì ti bo ìyókù lára. Wọ́n wá ní ayédèrú la kó fún wọn.

Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ni mo ń dá yín lóhùn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wa kàn kọ "ẹ má bínú" síbẹ̀ kó sì kọjá lọ, torí orúkọ yín lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá jókòó lọ́dọ̀ yín lọ̀rọ̀ yìí kàn. Gíláàsì yẹn kì í ṣe ayédèrú, mà. Ọ̀rá ló ń pa ìfóòfó bíà yín, àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín yà sì fi hàn.

Ẹ padà wo àwòrán kejì. Gíláàsì bíà kan wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ pẹ́pẹ́súùpù àti àwo àsun. Ẹ wo ara gíláàsì náà láti àárín lọ sí ìdí: afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Nínú gíláàsì tó mọ́, ṣe ni afẹ́fẹ́ inú bíà máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ní tààrà lọ sí ojú ọtí. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì báyẹn, nǹkan ti wà níbẹ̀ tó di í mú. Ẹ tún wo etí rẹ̀ lápá ọ̀tún, ibi tí ẹnu kan. Ó ń dán ju ibi yòókù lọ. Ọ̀rá àsun nìyẹn.

Ìfóòfó orí bíà kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Afẹ́fẹ́ ló ń gòkè lóòótọ́, àmọ́ pùrótéènì tó ti ara ọkà wá àti oje kíkorò tó ti ara òdòdó hop wá ló jọ ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká, tí kì í fi í bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí ọ̀rá bá kan awọ yẹn, kódà kó kéré débi tí ojú ò lè rí i, á wọ àárín rẹ̀, á sì já a. Ọṣẹ tí wọn ò ṣan kúrò tán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bíà fi máa ń hó nígbà tí ẹ bá ń dà á lọ́wọ́, tí á sì ti tẹ́ kí ẹni tó fẹ́ mu ún tó gbé e dẹ́nu. Trophy tàbí Star tó jáde láti inú páálí kan náà, tí ẹ bá dà á sínú gíláàsì tó mọ́, á hó, ìfóòfó rẹ̀ á dúró, á sì máa fi àmì sílẹ̀ yíká ara gíláàsì níbi tí wọ́n bá mu ún dé.

Nígbà tí ọmọ yín bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo bi í bí ẹ ṣe ń fọ̀ wọ́n. Ó ní inú báàfù kan náà tí ẹ fi ń fọ abọ́ pẹ́pẹ́súùpù ni, kànìnkànìn kan náà sì ni. Mo dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń fọ nǹkan nílé nìyẹn. Àmọ́ omi tí abọ́ pẹ́pẹ́súùpù bá ti wọ̀, ọ̀rá ti wà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń yọ gíláàsì jáde báyìí, ọ̀rá yẹn ló ń bá a jáde. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́mu: èyí tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí igbá ẹmu bá àwo ọbẹ̀ wọ omi kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún gíláàsì bíà.

Ẹ ra báàfù kan àti kànìnkànìn kan tó jẹ́ ti gíláàsì nìkan. Kí báàfù náà ní àwọ̀ tó yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbé nígbà tí èrò bá pọ̀. Gíláàsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ kí ọwọ́ wọn tó kan abọ́ ọbẹ̀, pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi díẹ̀. Ẹ yẹ ara ìgò ọṣẹ náà wò: èyí tí wọ́n bá ní ó ń mú kí awọ ọwọ́ rọ̀, ẹ má fi fọ gíláàsì bíà, torí ìpara tó wà nínú rẹ̀ á kù sára gíláàsì. Ẹ fi omi tó ń ṣàn ṣan inú àti ìta rẹ̀ títí yíyọ̀ ọṣẹ á fi kúrò lọ́wọ́. Tí obìnrin tó kun ètè bá mu nínú rẹ̀, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu etí rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, torí òróró wà nínú ohun tí wọ́n fi ń kun ètè, omi nìkan ò sì ní gbé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi aṣọ nù ún. Mo mọ̀ pé aṣọ ìnuwọ́ tó wà léjìká ọmọ tó ń gbé ọtí máa ń wù wá lójú, àmọ́ aṣọ yẹn ti nu tábìlì, ó ti nu ọwọ́, ó sì tún máa ń fi òwú sílẹ̀ nínú gíláàsì. Ẹ da ojú gíláàsì dé sórí apẹ̀rẹ̀ oníhò, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ wọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá dà á dé sórí aṣọ tàbí tíréè pẹrẹsẹ, omi á há sínú, gíláàsì á sì máa rùn bí àkísà tó tutù.

Ohun kan wà tí mo ti rí ní ilé ọtí tó pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ọ lọ́dọ̀ yín. Ọmọ tó ń sáré gbé ọtí máa ń ki ìka mẹ́rin bọ ẹnu gíláàsì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ìka yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé súyà fún tábìlì kejì. Gbogbo wàhálà fífọ̀ ti wọmi nìyẹn. Ìdí ni kí wọ́n ti dì í mú, tàbí kí wọ́n lo tíréè.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti mọ́, ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Ẹ fi omi tútù ṣan gíláàsì, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá wọ́n iyọ̀ sínú rẹ̀ yíká. Iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tó bá mọ́, bákan náà. Ibi tó bá ti ṣófo, tí iyọ̀ kọ̀ láti dúró, ọ̀rá wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan tí ẹ fọ̀ nínú báàfù àtijọ́ ṣe é, kí ẹ fi ọ̀kan tí ẹ fọ̀ lọ́tọ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wà níbẹ̀ kí wọ́n rí i.

Nípa méjì tó sán: àwòrán kẹta fi hàn pé ìsán náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìdí gíláàsì tó nípọn ti pàdé ara rẹ̀ tó fẹ́lẹ́, ó sì yí i po. Ooru àti òtútù tó pàdé lójijì ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín ní ẹ máa ń kó wọn sí fírísà kí ọtí lè tutù. Tí gíláàsì bá ti fírísà jáde, tí wọ́n sì tì í bọ omi gbígbóná láti fọ̀ ọ́, ibi tó fẹ́lẹ́ á ti gbóná, á ti fẹ̀, nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Gíláàsì kì í tètè gbé ooru kiri ara rẹ̀ bíi kọ́ọ̀bù onírin, nítorí náà ṣe ni apá kan á fa èkejì ya. Ó sì lè má sán lọ́jọ́ náà gan-an. Á kàn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí, á wá là lórí tábìlì lọ́jọ́ mìíràn, á wá dà bíi pé ó fọ́ fúnra rẹ̀.

Fírísà gan-an ò ṣe bíà lóore. Yìnyín tó bo inú gíláàsì máa ń mú kí bíà hó àhójù lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì tán. Yìnyín náà á tún yọ́, á di omi sínú ọtí. Tí ẹja bá sì wà nínú fírísà náà, òórùn ẹja ni oníbàárà máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa fẹ́ bíà tó tutù rinrin. Ìgò ni kí ẹ jẹ́ kó tutù. Kí ẹ tó dà á, ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣan gíláàsì, ó ti tó.

Nǹkan funfun tó bò wọ́n lára, ó jọ pé omi bọ́ọ̀hóòlù yín ló fà á. Tó bá jẹ́ irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, èròjà ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló ń gbẹ sára gíláàsì. Ẹ rẹ ọ̀kan sínú fínígà tí ẹ fi omi là, tàbí kí ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, kí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá ṣan án. Tó bá kúrò, omi ni. Tí kò bá kúrò, a jẹ́ pé ọṣẹ líle tàbí kànìnkànìn onírin ti jẹ ojú gíláàsì, ìyẹn ò sì ṣe é tún ṣe mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kànìnkànìn onírin kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá.

Ẹ tún ní páìǹtì yẹn ò gba ìgò bíà kan tán. Òótọ́ ni, kò lè gbà á. Páìǹtì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, 568 ml sì ni títí dé etí. Ìgò ńlá tiwa jẹ́ 60 cl, ìyẹn 600 ml, ìfóòfó náà sì ń fẹ́ àyè. Ẹẹ̀mejì ni kí wọ́n dà á: kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ gíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n gbé e dúró bó bá ti ń kún, kí ìfóòfó tó nípọn tó ìka méjì wà lórí rẹ̀, kí ìyókù wà nínú ìgò fún ẹni tó ń mu ún. Wíwú tí ẹ rí nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí gíláàsì bá fara kan ara wọn, ibi tó wú yẹn ló ń kọ́kọ́ gbá, kì í ṣe etí tó lè tètè ya. Kì í sì í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Tí méjì bá há sínú ara wọn, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ da omi tútù sínú ti òkè, ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, wọ́n á bọ́ fúnra wọn.

Àwọn mẹ́fà tó ní ẹsẹ̀ yẹn, tí ikùn wọn fẹ̀ tí ẹnu wọn sì sún mọ́ra, dára fún Guinness ìgò kékeré, torí ẹnu tó sún mọ́ra máa ń di òórùn ọtí líle mú. Àmọ́ kò yẹ fún ìta níbi tí èrò ti ń kọjá, ẹsẹ̀ wọn á ṣẹ́. Ẹ fi wọ́n sínú yàrá. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń bi yín ìdí tí ìfóòfó Guinness wa ò fi nípọn bí èyí tí wọ́n rí nínú fídíò láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún un pé afẹ́fẹ́ náítírójìn ni wọ́n ń fi sí tibẹ̀ yẹn. Èyí tí ìdá ọtí líle inú rẹ̀ jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n ń pọn fún wa níbí, tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkẹjà láti àwọn ọdún 1960, kò ní in nínú. Kò sí gíláàsì tó lè sọ ọ́ di ti Lọ́ńdọ̀nù, adùn tirẹ̀ ló ní.

Fún ìta, èyí tí a kọ "tempered" sí lára páálí rẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ rà nígbà mìíràn. Wọ́n dá a padà sínú iná tó ju 600 lọ ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì, wọ́n sì fi atẹ́gùn mú un tutù kíákíá, kí ara rẹ̀ lè le sí i. Tó bá fọ́, wẹ́wẹ́ ló ń fọ́, kì í ní ṣóńṣó gígùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín ra kọ́ọ̀bù Jámánì onílítà kan. Ó rẹwà, àmọ́ nínú ooru wa, bíà á ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó mu ún dé ìdajì.

Méjì tó sán, a ò ní lè dá owó wọn padà, torí ẹ ṣí páálí lójú ẹni tó gbé e wá, gbogbo rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n fún mẹ́rìndínlógún tó kù, ẹ fọ̀ wọ́n bí mo ṣe wí, kí ẹ wọ́n iyọ̀ sí wọn. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ wọn yíká tí bíà ò sì hó, ẹ kó gbogbo wọn padà. Owó yín á pé, a ó sì san owó ọkọ̀ lálọ àti lábọ̀. Ẹ ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà lára páálí, èmi ni mo máa gbà á.