Kí Ìwé Ọkọ̀ Akẹ́rù Tòkunbọ̀ Ṣáájú Owó Rẹ̀

Oníbúrẹ́dì, ẹni tó ń pín omi inú ọ̀rá, oníṣòwò tó ń lọ kó ẹja dídì ní Ìjọ́ra, gbogbo wọn ló ń wá bọ́ọ̀sì akẹ́rù tó ń lo epo dísù. Sprinter, LT àti Transit kì í ṣe àjèjì ní Bẹ́gà, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń to tòkunbọ̀ síta. Owó àjọ ni ọ̀pọ̀ fi ń rà á, tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí èyí tí wọ́n yá ní báńkì kékeré tí èlé sì ń gorí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó san gbogbo owó yìí kì í rí ìwé kankan gbà tó sọ bí wọ́n ṣe lo ọkọ̀ náà kó tó dé ilẹ̀ yìí.

Èrò wa ni pé kò yẹ kí wọ́n máa ta bọ́ọ̀sì akẹ́rù àlòkù fún oníṣòwò láìjẹ́ pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí èsì àyẹ̀wò náà wà lára gíláàsì rẹ̀, kí iye kìlómítà tó ti rìn sì wà lákọsílẹ̀ láti ilẹ̀ tó ti wá.

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ óò rí i pé wọ́n á ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná kì í tú àṣírí. Ẹ́ńjìnnì dísù tó ti rẹ̀, àárọ̀ tó bá tutù ló máa ń bá a jà: á máa yí lásán, á máa húkọ́, èéfín funfun á sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi máa ń gbé ọwọ́ lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì kó tiẹ̀ tó kí olùtà. Á ní kí wọ́n pa á, kí ó tutù pátá, kí wọ́n tó tún un tàn. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, á ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá ń tú síta níbẹ̀ bí ìgbà tí ìkòkò ń hó, inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ nìyẹn. Á ká pátákó tí wọ́n tẹ́ sí ibi ìkẹ́rùsí, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ìpẹtà ń sá pamọ́ sí. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Yúróòpù nígbà òtútù ló fa ìyẹn, ọ̀dà tuntun kò sì lè wò ó sàn. Lẹ́yìn náà ni á wo pẹ́dà bíréèkì. Aago kìlómítà lè sọ pé 120,000 kìlómítà péré ni ọkọ̀ rìn, kí rọ́bà pẹ́dà sì ti jẹ dé irin.

Mélòó nínú àwọn tó ń ra ọkọ̀ ló mọ irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀? Èyí tí wọ́n bá sì mọ̀, ṣé kò ní gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ olùtà?

Ọ̀rọ̀ aago yìí ló dùn wá jù. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yí i padà, kò sì ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bọ́ọ̀sì tó ti ń pín ẹrù láti ìlú dé ìlú ní Jámánì fún ọ̀pọ̀ ọdún á wá di ọ̀dọ́ tó bá gúnlẹ̀ síbí. Bẹ́ẹ̀, ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ìparí 2006 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ta ọkọ̀ àlòkù fún aráàlú fún un ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Car-Pass. Iye kìlómítà tó wà lójú aago ọkọ̀ náà nígbàkígbà tó bá wọ gáréèjì tàbí ibùdó àyẹ̀wò ló wà nínú rẹ̀. Bí olùtà kò bá mú un wá, ẹni tó rà á lè ní kí wọ́n fagi lé òwò náà. Àkọsílẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kì í bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Kì í ṣe pé àwọn ará Yúróòpù ṣàánú wa ni wọ́n fi ń kó àwọn ọkọ̀ yìí wá. Láti 2017 ni ìlú Antwerp, ní Bẹ́ljíọ̀mù kan náà, ti ń lé ọkọ̀ dísù àtijọ́ kúrò láàárín ìgboro nítorí èéfín, èbúté ìlú yẹn kan náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó wọn ránṣẹ́ sí Kútọnu àti Èkó. Ìwádìí tí UNEP, àjọ ètò àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, gbé jáde ní 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan tà sókè òkun láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú èyí tó ń gba Netherlands jáde wá sílẹ̀ wa ni kò ní ìwé ẹ̀rí tó fi hàn pé ó yẹ lójú títì mọ́.

Èyí tó tiẹ̀ dára nínú wọn tún ń bá epo wa jà. Àwọn dísù tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2010 sókè ní fílítà tó ń gba èérí inú èéfín, fílítà yẹn kò sì fẹ́ràn imí ọjọ́ inú epo. Ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan ni Yúróòpù gbà láyè. Ní 2020 ni àwọn mínísítà ECOWAS ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò sórí 50, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti 2021. Bí fílítà bá ti dí, Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ni ọkọ̀ ń lọ: wọ́n á gé e, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á sì tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Aráàlú ló ń fa èéfín rẹ̀ símú. Àwọn awakọ̀ àgbà tí kì í fẹ́ gbọ́ nípa dísù oníkọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣì ń wá LT àtijọ́ kiri, a ò lè dá wọn lẹ́bi.

Níbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà dísù kan kò tíì tó 300 náírà. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá 1,000. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ lè gbé gbogbo èrè oṣù kan mì.

Ìwé ẹnubodè náà ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọkọ̀ má ṣe gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba inú igbó wọlé láti Kútọnu, wọ́n ń bá wọn ṣe ayédèrú ìwé. Ọjọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró pẹ̀lú ẹrù nínú, ẹni tó rà á ló ń sunkún. Àjẹ́ntì ti yí nọ́mbà fóònù padà.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ní kí ẹni tó ń ta àlòkù jẹ́ kó hàn pé àlòkù ni. Ta ni kò mọ̀ pé àlòkù ni tòkunbọ̀? Bí wọ́n ṣe lò ó tó ni a fẹ́ mọ̀.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ á ní a fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́, pé àwọn náà kì í mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ tí àwọn rà láti òkè òkun. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ láti èbúté. Ní 2022 ni kọ́sítọ́ọ̀mù gbé ètò kan jáde tó ń fi àmì 17, lẹ́tà àti nọ́mbà, tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan díye owó tí wọn óò gbà lórí rẹ̀. Bí àmì yẹn bá lè ran ìjọba lọ́wọ́ láti gbowó, ó lè ran oníbàárà lọ́wọ́ láti mọ ìtàn ọkọ̀. Kí ẹni tó bá kó ọkọ̀ wọlé mú ìwé kìlómítà àti ti àyẹ̀wò ìkẹyìn wá pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀ yòókù.

Ohun èlò wà nílé pẹ̀lú. Èkó ní ibùdó LACVIS, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yẹ bíréèkì, iná iwájú àti èéfín wò. Lónìí, ẹni tó ti sanwó ọkọ̀ tán ló ń gbé e lọ síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Olùtà ni kó máa gbé e lọ, kí ó tó gbé e síta fún títà. Àwọn kan á bẹ̀rù pé a tún fẹ́ dá ibi ìgbàbẹ̀tẹ́lẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ẹni tó ti bá àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, pàdé lójú ọ̀nà rí kò ní bá wọn jiyàn. Nítorí náà, ẹ̀rọ ni kó tẹ èsì jáde, kí iye owó rẹ̀ wà lára ògiri, kí ó má sì sí àyẹ̀wò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Ògùn ni kó kọ́kọ́ ṣe òfin yìí, nítorí ilẹ̀ wọn ni èbúté, Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò wà. Kí òfin náà fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ láìrí ìwé gbà láṣẹ láti dá a padà, kí ó sì gba owó rẹ̀ pé. Ẹni tí wọ́n bá sì ká mọ́ ibi tó ti ń yí aago kìlómítà padà, ẹjọ́ jìbìtì ni kí wọ́n bá a ṣe, kì í ṣe kí wọ́n ní kó lọ bẹ oníbàárà.