Owó kòkó nìkan kọ́ ló gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955

Bí ìdìbò gómìnà bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n ní ìpàdé àdúgbò wa n'Íbàdàn: "Owó kòkó ni Awólọ́wọ̀ fi rán gbogbo ọmọ nílé ìwé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Àgbà ń sọ ọ́, ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì bí bàbá rẹ̀ nígbà náà ń sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì máa ń já sí ni pé, bí a bá ti rí gómìnà oníwà rere kan, òun náà á ṣe gbogbo nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, a ò ní mọ ibi tí owó ti wá.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni du oyè tí Awólọ́wọ̀ gbà lọ́kàn wa. Ohun tó ṣe kò kéré, èmi gan-an sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí wa sanwó ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n san án kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn wọ́n. Bí a ṣe ń fi ìyẹn pamọ́ fún ara wa ló ń jẹ́ kí àwọn olóṣèlú máa rí wa mú.

Oṣù Keje ọdún 1952 ni Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá náà lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni àwọn ọmọ wọlé. Kí ni wọ́n ń ṣe láàárín ọdún méjì ààbọ̀ yẹn? Wọ́n ń wá olùkọ́, wọ́n ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń wá owó. Owó tó wà nílẹ̀ kò tó. Ìjọba wá bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé owó orí, bíi ṣílè mẹ́wàá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń san owó orí. Ẹni tó bímọ san, ẹni tí kò bí san. Ẹni tí oko rẹ̀ kò so dáadáa lọ́dún yẹn náà san. Ṣílè mẹ́wàá kì í ṣe owó àmúṣeré lọ́wọ́ alágbàṣe nígbà yẹn.

Inú bí àwọn èèyàn. N'Íbàdàn níbí, Adégòkè Adélabú dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń san owó orí sílẹ̀, ó sì bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Máyégún dọ́wọ́ pọ̀. Inú àwọn àgbẹ̀ yẹn ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, torí ìjọba ń gé igi kòkó wọn lulẹ̀ nítorí àrùn. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ Alákùkọ (NCNC) tí Adélabú wà gba ìjókòó 23 nínú 42 ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) ti Awólọ́wọ̀ sì gba 18. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin tí a ń pè ní bàbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fìdí rẹmi nínú ilé ara rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, owó orí sì wà lára ohun tó fà á. Bí wọn ò bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ta ló ń bínú?

Wọn ò fi ètò náà sílẹ̀, ìyẹn sì ni mo máa ń yìn wọ́n fún jù. Ní 1954, ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Nígbà tí àwọn òbí fojú ara wọn rí ohun tí owó wọn ṣe, wọ́n padà dìbò fún Ọlọ́pẹ ní 1956, 48 nínú ìjókòó 80.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kòkó fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ owó kòkó bí ẹni pé inú ilẹ̀ ìjọba ló ti hù. Oko bàbá ẹnì kan ni kòkó ti wá. Àgbẹ̀ kò lè ta á sókè òkun fúnra rẹ̀: bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń rí sí ọjà kòkó ló ń rà á, bọ́ọ̀dù ló ń dá iye lé e. Ní 1954 tí kòkó wọ́n gan-an lọ́jà àgbáyé, iye tí àgbẹ̀ ń gbà jìnnà púpọ̀ sí iye tí bọ́ọ̀dù ń tà á. Irú ohun tó ń ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò jọ lọ́dọọdún tó di mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́nà ọgbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n pín bọ́ọ̀dù sí ẹkùn-ẹkùn lọ́dún yẹn. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kó o jọ ni pé, bí kòkó bá já wálẹ̀, wọ́n á fi gbé àgbẹ̀ dìde. Nítorí náà àgbẹ̀ kòkó sanwó lẹ́ẹ̀mejì: ó san owó orí, ó sì tún san èyí tí kò rí.

Kòkó já wálẹ̀ lóòótọ́ láàárín ọdún 1960 sí 1969. Owó tí wọ́n tò jọ ti lọ nígbà yẹn. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker ti tú u wò ní 1962, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti gba ilé iṣẹ́ tó sún mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú lọ. Ohun tí àgbẹ̀ wá rí ni owó orí tó tún lọ sókè. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tó dìde nítorí owó orí, ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san, àwọn ò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Akánrán kí nǹkan tó rọ̀. Àwọn tó sanwó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò ránti láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó là ń san ní ilé ìwé modern, owó là ń san ní girama, títí tí àwọn gómìnà UPN, ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, fi dé ní 1979.

Ẹ̀yin ará, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ti òní. Ní 2019, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fagi lé owó 3,000 náírà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san lọ́dún. Mo fara mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ òbí mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló béèrè ohun tí wọ́n fi rọ́pò owó yẹn nílé ìwé? Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 ní ìjọba àpapọ̀ yóò máa ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọdé, bí ìpínlẹ̀ bá mú ìpín tirẹ̀ wá. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti jẹ́ kí owó náà sùn l'Ábújá fún ọ̀pọ̀ ọdún torí wọn ò mú tiwọn wá, àwọn ọmọ sì ń jókòó sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òbí á máa san owó àga, owó ìdánwò, owó ọlọ́dẹ, láìsí ìwé ẹ̀rí.

Owó orí wà nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà. A ń sanwó. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà bá wá sí àdúgbò wa tó ní ọ̀fẹ́ lòun máa fi ṣe é, mi ò fẹ́ ká pàtẹ́wọ́ lásán mọ́. Kó sọ èyí tó máa yọ lára owó ìpínlẹ̀ àti ohun tó máa dín kù nítorí rẹ̀. Kó ṣèlérí pé ní gbogbo táàmù, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan á lẹ iye tó wọlé fún un mọ́ ara ògiri, níbi tí òbí tó wá gbé ọmọ rẹ̀ ti lè dúró kà á.